Bí Mo Ṣe Lọ Gbé Ọmọ Bísí ní Lomé

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti jókòó sẹ́yìn awakọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ń lọ jẹ ọdún. Bísí àbúrò mi, tó fún mi ní kíndìnrín rẹ̀ kan, ti bímọ obìnrin ní Lomé. Mi ò lọ síbi ìkómọ, nítorí oògùn tí mò ń lò kí ara mi má baà kọ kíndìnrín náà ti sọ mí di ilé tí kò nílẹ̀kùn: kòkòrò àrùn tó bá wù ú ló lè wọlé. Ọmọ pé oṣù mẹ́ta kí dókítà mi tó ní, "Ẹ máa lọ. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń wúkọ́ nílé yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ gbé ọmọ o." Bẹ́ẹ̀ gbígbé ọmọ yìí gan-an ni mò ń bá lọ!

Ní ibodè Sèmè, ọ̀gá aṣọ́bodè kan béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Mo fún un ní ìwé dókítà, tó sọ pé kòkòrò tó ṣì wà láàyè ni wọ́n fi ṣe àjẹsára yẹn, ara mi ò sì lè gbà á. Ó kà á tán, ó sún àga sẹ́yìn.

"Madame, ṣé àìsàn yín ò ní ràn mí?"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ lè kó àrùn ràn mí. Èmi ló yẹ kó sá!"

Ẹ̀rín pa á, ó lu òǹtẹ̀. Èmi náà tún ìpara tí ń lé ẹ̀fọn kùn, torí ẹ̀fọn ló ń gbé ibà náà kiri, títí òórùn rẹ̀ fi mú kí awakọ̀ ṣí gbogbo fèrèsé ọkọ̀.

Ọ̀nà wọn dán ju tiwa lọ, ká má parọ́. Ní ìlú Aného lójú ọ̀nà, mo fi ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta owó sẹ́ẹ̀fà ra ablo, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n fi ooru sè, tó rọ̀ tó sì ń dùn díẹ̀, pẹ̀lú ẹja gbígbóná. Tòmátì tútù tí wọ́n gé sí i, awakọ̀ ló jẹ ẹ́. Ohun tí wọn ò sè, èèwọ̀ mi ni.

A dé Agbalépédogan, àdúgbò Bísí ní Lomé. Ìyá ọkọ Bísí, ọmọ ẹ̀yà Mínà pọ́ńbélé tí gbogbo ilé ń pè ní Dada, ìyẹn ìyá, kígbe pé, "Woezɔ!" Ẹ káàbọ̀ nìyẹn. Mo dúró sẹ́nu géètì.

"Bísí, ta ló ń wúkọ́?"

"Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ọmọ ń sín lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ti lé e lọ sí àdúgbò mìíràn. Gbogbo àwa yòókù ti gba abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn láti oṣù tó kọjá. Dada bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju ejò lọ! Wọ́n pariwo débi pé àwọn aládùúgbò rò pé olè wọlé."

Dada na apá sí mi, ó ń fi ìka tọ́ka sí ojú ibi tí wọ́n gún. Omi bọ́ lójú mi.

Mo fọwọ́, wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Ó wò mí, ó fajú ro, ó sì ṣu. Bísí já a gbà! Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lá àjẹsára ìgbẹ́ gbuuru ni, kòkòrò inú rẹ̀ sì lè bá ìgbẹ́ jáde. Mo wá jókòó bí ìyàwó tuntun, àwọn èèyàn ń nu ìdí ọmọ àbúrò mi. Dada fi èdè Mínà sọ̀rọ̀, Bísí túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní kí ẹ fara balẹ̀, ìgbẹ́ ò ní tán nídìí ọmọ. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ wá nù ún tẹ́rùn."

Ọdọọdún lèmi náà ń gbabẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn, àmọ́ ara mi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Ìrìn àjò yìí ló kọ́ mi pé lára àwọn tó yí mi ká ni ààbò mi pọ̀ sí.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ò béèrè ọ̀nà, kò béèrè ẹrù.

"Ṣé o gbé e?"

"Mo gbé e títí ó fi ṣu!"

Mo ròyìn Dada àti abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Níbo ni wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ yẹn níbí?"