Ìkòkò Ẹni Méjì

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Eom Gye-ok fi bínú sí ọkọ rẹ̀ nítorí adìẹ kan tí òun kò bá a jẹ. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní Jeongseon, ìlú orí òkè kan ní Kòríà, ẹ kò ní fura. Obìnrin kúkúrú ẹni àádọ́rin ọdún ni, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀rín kò sì jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ìbínú yẹn wà níbẹ̀. Ó tò ó sínú bí ènìyàn ṣe ń to igi ìdáná, kò sì jẹ́ kí òjò pa á.

Nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà èédú tí Ham Byeong-gi ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pa, ọkùnrin náà kó aṣọ rẹ̀ lọ sí Seoul. Ó ríṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Euljiro, ọdún mẹ́wàá ló sì lò níbẹ̀. Gye-ok dúró sílé pẹ̀lú ìyá ọkọ tí kò lè dìde, ọmọbìnrin kan, àti ilẹ̀ orí òkè tí kì í mú nǹkan jáde ju pọ̀tétò àti àgbàdo lọ. Pọ̀tétò ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń jẹ lálẹ́. Ọ̀sán Sátidé ni Byeong-gi máa ń pè wọ́n lórí tẹlifóònù, Gye-ok á sì bi í ní ohun tí gbogbo wa máa ń bi ara wa: ṣé ó ti jẹun? Ká ní ó dáhùn pé òun ti jẹun, kó sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ẹnu Byeong-gi kò mọ̀ ọ́n dákẹ́.

“Ìyá Seon-hui, ọbẹ̀ egungun màlúù ni mo jẹ lónìí. Ó funfun bíi wàrà.” Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, núdù tútù inú omi yìnyín ni. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù ni ti àdúgbò Jongno: “Odidi adìẹ ni lónìí, tọrùn-tọrùn. Orí iná níwájú mi ló ti ń hó. Bí mo ṣe jẹ ẹran tán ni mo da núdù sómi rẹ̀. Inú mi fẹ́ẹ̀ bẹ́. Ìwọ náà wá sí Seoul lọ́jọ́ kan, ká jọ jẹ ẹ́.”

“Ta ni kó gbé ìyá ẹ dìde tí mo bá wá?”

“Lọ́jọ́ kan ni mo wí.”

“Máa jẹ adìẹ ẹ lọ, jàre.”

Lójú Gye-ok, wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí ọkùnrin jókòó sí Seoul, kó dá odidi adìẹ jẹ, kó tún wá máa ròyìn ọrùn rẹ̀ fún ẹni tí pọ̀tétò ti sú. Ó sì gbẹ̀san bí obìnrin tí kò fẹ́ ariwo ṣe ń gbẹ̀san. Nígbà tí Byeong-gi bá wálé ọdún, adìẹ á máa rìn kiri àgbàlá, Gye-ok kò ní pa ọ̀kan. Pọ̀tétò ló máa gbé síwájú rẹ̀. Byeong-gi á jẹ ẹ́, á dúpẹ́, á ní òun yó. Nígbà tó yá, ó padà wálé pátápátá, wọ́n jọ darúgbó, ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan kan, nítorí pé láàárín tọkọtaya lọ́dọ̀ wa, ohun tí a kò bá sọ lọ́sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, a kì í sọ ọ́ mọ́. Èmi kò fẹ́ràn àṣà yẹn rí.

Byeong-gi kú nígbà òtútù. Bí ọdún ṣe fẹ́ yí po, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ ìrántí fún un, Gye-ok pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè fún òun, òun fẹ́ lọ jẹun ní Seoul fún ọjọ́ méjì.

“Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹun níta, ẹ fẹ́ fi ọjọ́ méjì jẹun kiri Seoul?” Seon-hui rẹ́rìn-ín. “Màmá, ṣé ẹ ti ní ọ̀rẹ́kùnrin ni?”

“Oúnjẹ tí bàbá ẹ jẹ láìsí èmi ni mo fẹ́ lọ jẹ. Inú ṣì ń bí mi sí i. N ò sì lè máa fi inú burúkú bu ìrẹsì fún òkú. Tí mo bá ti jẹ ẹ́, á tán nínú mi.”

Seon-hui kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó sì gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Gye-ok jẹ ọbẹ̀ egungun. Ó funfun bíi wàrà lóòótọ́, ó sì dùn, ìyẹn tún wá dá kún ìbínú rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ó tò sórí ìlà fún núdù tútù, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti Busan àti ìlú òkèèrè wá jẹun bíi tirẹ̀. Àwọn ọmọ ìwòyí kì í gbé ṣíbí kí wọ́n tó gbé fóònù. Wọ́n ya àwòrán abọ́ látòkè, wọ́n yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, núdù ń wú. Gye-ok tọ́ omi yìnyín náà wò, kò gbọ́ iyọ̀, kò gbọ́ ata. Ó bi ọmọbìnrin tó jókòó tì í pé, “Ṣé nítorí eléyìí ni mo ṣe wọ rélùwéè?”

“Màmá, ẹ̀ẹ̀kẹrin tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ lẹ máa tó mọ adùn rẹ̀.”

“Ọdún mélòó lo rò pé ó kù fún mi?”

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n adìẹ ló wà lọ́kàn Gye-ok.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé ọ̀nà tóóró náà ní Jongno. Kò ní láti béèrè orúkọ ilé oúnjẹ náà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Byeong-gi ti pè é sí i létí fún ọdún mẹ́wàá. Olóúnjẹ tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ń jẹ́ Pyo In-suk, ẹni nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, tí àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹni mélòó, ẹ̀gbọ́n?”

“Ẹnì kan.”

“Ẹ má bínú. Odidi adìẹ ni, ìkòkò ẹni méjì. A kì í tà á fún ẹnì kan.”

“Ẹ̀ ń tà á. Ọkọ mi máa ń dá jẹ ẹ́ níbí ní ọjọ́ Sátidé.”

“Kì í ṣe níbí, ẹ̀gbọ́n. Láyé ìyá mi gan-an, ẹni tó bá dá wá, ìyá mi á ní kó lọ mú ẹnì kejì rẹ̀ wá.”

“Àbúrò, mi ò wá jà. Ilé ìtẹ̀wé Euljiro ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ará Jeongseon ni. Tó bá ti jẹun tán ló máa ń pè mí lórí tẹlifóònù.”

In-suk yíjú sí káńtà.

“Tẹlifóònù olówó ẹyọ wa, tó wà lórí káńtà, ló fi ń pè yín,” ó ní. “Tádàwà kì í kúrò ní èékánná ọkùnrin yẹn. Tó bá ń sọ̀rọ̀, gbogbo ilé oúnjẹ ló ń gbọ́, bí ẹni ń pe èèyàn láti orí òkè kan sí èkejì. Ìyá Seon-hui, Ìyá Seon-hui.”

“Èmi ni Ìyá Seon-hui.”

In-suk mú un jókòó. Ó ní ọkùnrin náà kò fi ẹnu kan adìẹ àwọn rí. Òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, òun lòún ń gbé ìkòkò fún oníbàárà. Bí ọ̀sán Sátidé bá tó, ọkùnrin náà á wọlé, á dúró ti káńtà, á tẹjú mọ́ ìkòkò àwọn ẹlòmíì, á sì máa ròyìn ohun tó ń rí. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé núdù inú páálí ló ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti Mọ́ńdè dé Sátidé, kí owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé lè tó. Ìyá In-suk bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó ń purọ́. Ọkùnrin náà dáhùn pé bí òún bá kàn sọ pé òún ti jẹun, ìyàwó òun kò ní gbà, ó mọ ohùn òun. Àfi kí òún ròyìn adùn oúnjẹ náà kí ìyàwó òun tó lè sùn.

“Ìyá mi ní kó jókòó, ó ní òun máa fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀. Ó ní, ‘Ìkòkò ẹni méjì ni, Màmá. Tí ìyàwó mi bá dé, a máa jọ jẹ ẹ́.’ Nígbà tó pẹ́, ìyá mi á bi í pé, ìyàwó dà? Á ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un nílé.”

Ojú ti Gye-ok. Ojú tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà. Ohun tó rò pé òun wá jẹ kó lè tán nínú òun, kò sí níbẹ̀ rí, ìbínú ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kò sì ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró mọ́. Ó gbọ́wọ́ lé tábìlì.

“Gbé ti ẹni méjì wá fún mi.”

Ìkòkò dé, ó hó. In-suk fúnra rẹ̀ ló ń fi àlùmọ́gàjí gé adìẹ náà nígbà tí Gye-ok sọ̀rọ̀.

“Oṣù tó kú, kò lè jẹ nǹkan kan mọ́. Ó ní kí n bá òun se omi adìẹ, ìwọ̀nba díẹ̀.”

In-suk ń gé ẹran lọ.

“Mo ní, ‘O ti jẹ tìrẹ ní Seoul.’”

“Kí ló wá sọ?”

“Ó ní òótọ́ ni. Ó ní ó dùn gan-an.”

In-suk rẹ iná náà sílẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Gye-ok mú itan méjèèjì sínú abọ́ kejì tó wà ní òdìkejì tábìlì, ó bu omi adìẹ lé e, ó gbé ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í gbé ṣíbí kí baálé tó gbé tirẹ̀.

“Bàbá Seon-hui,” ó ní, “mo ti dé. Ẹ jẹun.”