Bí Bọ̀dá Ṣe Di Onílé Ṣọ́ọ̀bù Wa

Mi ò lè búra bóyá ọjọ́ Àìkú ni a lọ tàbí ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú ni mo kọ sínú ìwé ìrántí mi, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí mo bá ti rí àyè tún un ṣe kí n lè dà bí ọlọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni ìdí tí a fi lọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi ti ń ta awò ojú, ní òpópónà kékeré kan lẹ́bàá Rye Lane nílùú òyìnbó níbí, fẹ́ tà á. Ó fún wa láyè títí di ìparí oṣù. Bí a kò bá rà á, ẹnì kan tó ń ta kọfí ti ń dúró, ọkọ mi yóò sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbi tó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọ̀nà kan wà. Ọkọ mi ní àpò owó ìfẹ̀yìntì tí ó ń fúnra rẹ̀ ṣàkóso. Òfin gbà kí irú àpò bẹ́ẹ̀ ra ṣọ́ọ̀bù, kí ó yá owó kún un ní báǹkì, kí ọkọ mi sì máa san owó ilé fún àpò náà, ìyẹn ni pé kí ó di ayálégbé ọjọ́ ogbó ara rẹ̀. A bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Camberwell, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí à ń pè ní Bọ̀dá, tó ti ra ọ́fíìsì lọ́nà yìí nígbà tí èmi àti ọkọ mi kò tíì mọra.

“Báǹkì á yá yín ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye ṣọ́ọ̀bù náà,” ni Bọ̀dá wí. “Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn.”

“Ẹ ṣé, sà,” ni ọkọ mi dáhùn.

“Ìyàwó wa, o ò kọ ọ́ sílẹ̀? Ìwọ tó o kàwé jù wá lọ.”

“Mò ń kọ ọ́, sà.”

Ohun tí mò ń kọ ni pé òfin ti yí padà. Mo ti kà á kí á tó kúrò nílé pé àpò kò gbọdọ̀ yá owó tó ju ìdajì iye ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ mọ́, ìyẹn kò sì lè tó wa ra ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sí pálọ̀ Bọ̀dá, tí yóò máa jẹ ṣinṣín wọn, tí yóò sì sọ pé ìmọ̀ wọn ti gbó?

“Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?” ni mo bi ọkọ mi nínú bọ́ọ̀sì.

“Ìwọ ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n tèmi kọ́.”

“Wọ́n fẹ́ràn rẹ jù mí lọ.”

“Nítorí pé mi ò já wọn ní koro rí ni.”

Ní ọjọ́ Ajé, a bẹ obìnrin tó ń gbà wá nímọ̀ràn lórí àpò náà pé kí ó pe Bọ̀dá, kí ó ṣe bí ẹni tó wá tọrọ ọgbọ́n, kí wọ́n lè fúnra wọn ṣàwárí òfin tuntun. Bí mo ṣe rántí, èmi ni mo dá a lábàá. Ọkọ mi ní òun ni. Obìnrin náà béèrè bóyá kò ní rọrùn jù kí a kàn sọ fún wọn. A ní kò ní rọrùn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Bọ̀dá yọ sí wa ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ́kọ́ gbé awò tó wọ́n jù lọ sójú, wọ́n wo dígí.

“Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Gbèsè yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ yá owó tó tó ìdajì àpò yín, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò tèmi á bá yín ra ìyókù ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ máa san owó ilé fún àpò méjèèjì.”

“Ọgbọ́n àgbà nìyẹn, sà,” ni ọkọ mi wí, láìrẹ́rìn-ín rárá.

“Mo mọ̀. Èló ni awò yìí?”

“Fún ẹ̀gbọ́n mi, sà?”

“Fún onílé rẹ.”

Lọ́yà parí iṣẹ́ kí oṣù tó parí, ọlọ́jà kọfí sì wá ibòmíràn lọ. Fún oṣù púpọ̀, mò ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ọgbọ́n tèmi àti ti ọkọ mi. Nígbà tó yá, níbi tí a ti tò láti ra ẹja, ìyàwó Bọ̀dá, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sọ fún mi pé a kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tí Bọ̀dá ti mọ̀ pé òfin ti yí padà. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ẹni tí yóò láyà láti sọ fún wọn nínú àwa méjèèjì ni. Àti pé nígbà tí obìnrin agbaninímọ̀ràn pè, létí òun ìyàwó wọn ni Bọ̀dá ti sọ fún obìnrin náà pé kó má jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn mọ̀ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.