Kúbùsù Ara Irú

Láàárọ̀ àná, òórùn irú gba orí fẹ́ǹsì aládùúgbò wọlé tọ̀ wá wá, àwọn ọmọ mi sì sáré lọ pa fèrèsé dé. Mo ní kí wọ́n ṣí i padà. Wọn kò mọ ohun tí òórùn yẹn ṣe fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń jẹ́ ọyẹ́.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣe irú tí wọ́n ń kó lọ sí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ooru ni irú fi ń ṣe. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ọ̀pọ̀ obìnrin a pa iṣẹ́ náà tì, irú a sì wọ́n bí ojú. Ìyá àgbà kì í pa á tì. Bó bá ti sè é tán, a dà á sínú apẹ̀rẹ̀ tó fi ewé tẹ́, a sì fi kúbùsù kan ṣoṣo tó nípọn nínú ilé wa wé e. Àwa ọmọ a máa gbọ̀n lórí ẹní, irú a máa sùn bí ọba. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni ṣí i wò kó tó ṣe, torí òtútù lè bà á jẹ́, òun la sì fi ń jẹun títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé.

Lóru ọjọ́ ọyẹ́ kan lọ́dún yẹn, ìyá mi bí ọmọbìnrin kan kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ọmọ náà kéré, kò sì lè sunkún dáadáa. Ní ìdájí, bàbá mi jáde lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n kùrukùru ọyẹ́ ti bo títì, kò sí dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ gbéra. Ilẹ̀ mọ́, bàbá mi kò dé. Bí a bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀, ìyá mi a dìde. Ọkọ̀ náà a kọjá lọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè wo ojú ọmọ náà.

“Ìyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù,” ni ìyá mi wí.

Ìyá àgbà wo igun yàrá níbi tí irú wà. Ìyá mi rí ibi tó ń wò, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, pé kí la ó wá máa jẹ.

“Irú tó bá bàjẹ́, a ó se òmíràn. Gbé ọmọ wá, ìyàwó.”

Ó tú kúbùsù náà, òórùn kún yàrá. Ó tẹ́ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ tó ń gbóná, ó da kúbùsù bo àwọn méjèèjì, ojú ọmọ nìkan ló kù síta. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kò sì yọ ọ́. Oòrùn ti yọ kí ọmọ náà tó figbe ta, igbe gidi, ni ìyá mi bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí bàbá mi gbé ọkọ̀ dé, ọmọ ti ń mu ọmú, ó ń rùn bí ọbẹ̀.

Irú náà bàjẹ́. Ebi pa wá lọ́dún yẹn, mi ò ní purọ́.

Ní báyìí, ọyẹ́ kàn ń yọjú ni. Àwọn tó ń sá iṣu fún èlùbọ́ ń ráhùn pé kò gbẹ bọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn onírú kò wá kúbùsù mọ́, ṣùgbọ́n igi tó ń so èso irú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó, wọ́n ti fi sun èédú. Ọmọ ọjọ́ náà, àbúrò mi, ti di ìyá ọlọ́mọ. Bí ọdún bá ń lọ sópin tí ọyẹ́ kò dé, gbogbo àdúgbò a máa bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi kì í bá wọn béèrè. Á jókòó síta nínú ooru, á máa nu òógùn ojú rẹ̀, á ní kí ọyẹ́ má wulẹ̀ dé mọ́.