Ẹjọ́ tí ìyàwó Kọ́kọ́rọ́ rò

Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pe ọkọ ọmọ mi níbi iṣẹ́, torí òun ló ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí nílé iṣẹ́ bisikíìtì. Orúkọ náà bá a délé. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé. Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ó kọ, ó kọ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn ní kó wá máa bá òun já ẹrù lọ́kọ̀. Bó bá lọ, ìyàwó àti ọmọ á kù sílé, wọn ò sì ní máa rí i bọ̀rọ̀. Ọmọ mi ò fẹ́. Òun náà ò fẹ́. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun.

A wá gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan ń wá ẹni tó máa tọ́jú ibi tí wọ́n ń kó oògùn àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì sí. Mo ní kí Kọ́kọ́rọ́ mú lẹ́tà tó ti ń kọ wá. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, òun ló kà á sí mi létí.

"Mo jẹ́ ẹni tó kún fún ìtara, olùfọkànsìn, adúróṣinṣin..."

Mo ní, "Dúró ná. Ìgbà wo lẹni náà kú?"

"Bàbá, èmi ni."

"Ìwọ? Ìwé ìsìnkú lo ń kà yẹn. Ibo lo ti sọ̀rọ̀ ẹrù?"

Kò sọ ọ́ níbì kankan. Ó ní inú ìwé kan lòun ti wò ó kọ.

Àwa mẹ́ta, òun, ìyàwó rẹ̀ àti èmi, bá lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tẹ̀wé ládùúgbò. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: kọ̀ǹpútà, bẹ́ǹṣì, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ó ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa."

Kọ́kọ́rọ́ wolẹ̀. "Mo máa ń gbìyànjú."

"Ẹ ń gbìyànjú kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀ náà."

Ojú ń tì í láti yin ara rẹ̀ ni. Wọn ò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ lọmọ mi ti gbaná jẹ.

"Àǹtí, èmi tí mò ń bá a gbé ni kẹ́ ẹ bi. Ọkùnrin yìí kì í mu mílíìkì láìyí ìdí agolo wò kó mọ ọjọ́ tó máa bà jẹ́. Èyí tó máa tètè bà jẹ́ la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí. Bí mo bá gbé ìkòkò kúrò níbi tó fi í sí, a ò ní sùn. Àbúrò mi wá yá agboòrùn, ó ní kó buwọ́ lùwé. Àbúrò mi o."

Kọ́kọ́rọ́ rọra ní, "Ṣé kò dá a padà ni?"

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó máa ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà lọ fà á wò bóyá ó tì. Ó ti sú mi."

Mo rí i pé obìnrin náà ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má yọ nǹkan kan kúrò, kó ṣáà ti yọ ìbínú ibẹ̀.

Ó gbé sífíì lé e, ìyẹn ìwé tó sọ ibi tí Kọ́kọ́rọ́ ti ṣiṣẹ́ àti ohun tó ṣe níbẹ̀, láìbù mọ́ ọn. Ó wá ní kí wọ́n mú nọ́ńbà ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa wá. Mo ní kó kọ ti ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá, wọn kì í kọ ti ìyàwó."

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n jù ú lọ?"

Ó kọ ọ́.

Ilé ìwòsàn pe Kọ́kọ́rọ́, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó fajú ro délé. Ó ní òun ò rọ́rọ̀ sọ. Ó ti ń wá báàgì tó máa gbé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù ọmọ mi dún. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ dìde dúró bíi pé obìnrin náà ń rí i.

"Ọkọ yín ò sọ̀rọ̀ lánàá. Ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí, ṣé òótọ́ ni? Bí dókítà bá ní kó fún òun ní nǹkan láìbuwọ́ lùwé ńkọ́?"

Mo rí i pé ọmọ mi ń wá ọ̀rọ̀ dídùn. Mo mirí sí i.

"Mà, kò ní fún un," ló wí. "Kò ní pariwo mọ́ ọn, kò sì ní fún un. Èmi ti bá a jà títí, ó rẹ̀ mí."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn dókítà wa ti kó ìbọ̀wọ́ tán láìbuwọ́ lùwé. Ẹ ní kó máa bọ̀ ní Mọ́ńdè."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ má dá a padà fún mi kílẹ̀ tó ṣú o."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ́kọ́rọ́ ò tíì jókòó.

"O ò bi wọ́n aago tí màá dé."

Ọmọ mi na fóònù sí i, ó ní kó bi wọ́n fúnra rẹ̀. Ó sì pè wọ́n.