Ẹ́ńjìnnì Tí Oòrùn Ń Yí

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!"

Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Mo sún sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kékeré náà ṣì ń kùn lórí àpótí, ó ń yí táyà oníke méjì tí mo fi bíríkì ìṣeré gbé ró. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín méjì ló so ó mọ́ sólà pẹlẹbẹ tí mo tú lára àtùpà Màmá tó ti bàjẹ́.

Ẹja ni Màmá ń sá lẹ́yìn ilé wa ní Ajah, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá. Wọ́n nu ọwọ́ sí ìró, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo sólà náà. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Wọ́n ṣí i, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ojú wọn kò kúrò lára mi, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ni mo fi ń yí i lábẹ́ àpótí.

"Ta ló ń yí i?"

"Oòrùn ni, Màmá."

"Oòrùn tí mo ti ń sá ẹja sí láti kékeré? Kò yí ẹja kankan rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló fún ẹ?"

Mo ṣàlàyé. Ìyá mi ń fọṣọ fún ìdílé kan ní VGC, àdúgbò àwọn olówó tó ní géètì, mo sì tẹ̀ lé ìyá mi lọ ní Sátidé. Inú àpò pàǹtí tí ìyá mi ní kí n lọ dà nù ni mo ti rí ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú bíríkì díẹ̀.

"Ìwé ẹ̀ dà?"

Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ gbé nǹkan jáde ní géètì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí dání. Èmi ò ní ìwé. Inú àpò aṣọ mi ni mo fi ẹ́ńjìnnì náà sí.

"Ìfura loògùn àgbà," ni Màmá wí. "Lọ́la, a máa dá a padà."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n á lé mi níṣẹ́ o!" Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Inú bí mi débi pé mi ò jẹun. Òótọ́ ni mo sọ, ìyá àgbà tèmi sì ń wò mí bí olè.

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé géètì lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọ̀gá ìyá mi jáde wá, tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ Màmá, ńṣe ló di orí mú.

"Jésù! Níbo lẹ ti rí i?"

Màmá sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

"Nínú pàǹtí? Mo ti lé ọmọ ọ̀dọ̀ mi nítorí nǹkan yìí! Mo ní òun ló jí i."

Màmá jókòó sórí kọnkéré ẹ̀gbẹ́ géètì, wọ́n na ẹsẹ̀. "Ẹ pè é, Àǹtí. Ẹ pè é kí n gbọ́."

Oòrùn ń pa wọ́n. Sìkiọ́rítì ní kí wọ́n dìde, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, obìnrin náà tẹ fóònù rẹ̀. "Má bínú. Máa bọ̀." A gbọ́ ẹkún ọmọbìnrin náà nínú fóònù, láti ilé wọn ní Lakowe. Ọ̀gá náà kò sì lé ìyá mi níṣẹ́.

Màmá ti kú báyìí. Wọn ò bẹ̀ mí rí fún ojú tí wọ́n fi wò mí, ó sì máa ń dùn mí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní wọ́n gbà mí gbọ́ ni, orúkọ olè ni ọmọbìnrin náà ì bá máa jẹ́ títí dòní.