Ife Tí Kò Lọ́wọ́

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀gá àgbà obìnrin ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n gbé mi lọ ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò sì kéré níye, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fún wọn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe tíṣà láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú nígbà náà á mọ̀ ọ́n tí mo bá ti sọ pé gèlè rẹ̀ máa ń wọ kíláàsì kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, àti pé ó máa ń ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì sí méjì kó tó fún wa, bí ẹni ń pín ẹran fún ọmọ ọ̀dọ̀.

Obìnrin náà ní ìgbàgbọ́ kan nípa àwòrán yíyà. Ìgbàgbọ́ náà ni pé tíṣà yóò ya ife sára pátákó, ọmọ yóò sì ya ife tí tíṣà yà. Ẹ̀kọ́ parí. Ọwọ́ ife náà, ibi tí a ti ń dì í mú, gbọ́dọ̀ wà ní apá ọ̀tún. Ọmọ tó bá yà á sí òsì gba òdo. Kíláàsì yòówù kí ẹ wọ̀ nílé ìwé wa, ife kan náà lẹ ó bá lára ògiri, tí gbogbo wọn kọ ọwọ́ sí ibì kan náà bí ọmọ tó tò fún ìsípẹ́kítọ̀. Ọmọ á wọlé ní kíláàsì kìn-ín-ní, á jáde ní ìkẹfà, á ti ya ife títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi bó, kò sì ní tíì wo ife rí.

Èmi kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé kí ọmọ kọ́kọ́ wò, kó tó mú pẹ́ńsùlù. Mo gbà wọ́n gbọ́, ohun tó kó bá mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé ife tánganran tí mo fi ń mu ẹ̀kọ níléèwé láàárọ̀ sórí tábìlì láàárín kíláàsì kẹrin. Mo ní kí àwọn ọmọ gbé bẹ́ǹṣì wọn yí i ká.

“Ẹ má wo pátákó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ má wo ojú mi. Ẹ wo ife. Ohun tí ẹ bá rí láti ibi tí ẹ jókòó sí ni kí ẹ yà.”

Àwọn tó wà lápá kan ya ọwọ́ ife sí ọ̀tún. Àwọn tó kọjú sí wọn yà á sí òsì. Ọmọbìnrin kan wà tó jókòó síbi tí ara ife ti bo ọwọ́ ife pátápátá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ gidi ni, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja lọ́jà. Ó nawọ́ sókè.

“Àǹtí, tèmi ò lọ́wọ́.”

“Ṣé o rí ọwọ́ níbẹ̀?”

“Rárá, mà.”

“Má yà á nígbà náà.”

Kò yà á. Ó ya ife lásán, ó sì ya ibi tí tánganran ti bó nísàlẹ̀, àti òjìji ife náà lórí tábìlì, ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ṣe fún mi nílé ìwé yẹn, òun ló dára jù.

Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló máa ń fún àwòrán ní máàkì ní ìparí táàmù. Ó ní iṣẹ́ tó rọrùn ni, kò ní kí ènìyàn ronú. Ó kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí yóò fi dá wọn padà, ó ti fi bírò pupa ya ọwọ́ sí ọ̀tún gbogbo ife tí kò bá tirẹ̀ mu. Àwọn tí ọwọ́ wọn wà lósì tẹ́lẹ̀ wá di ọlọ́wọ́ méjì, bí ife tí wọ́n ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù tó borí. Ọmọ tí kò ya ọwọ́ rárá gba òdo.

Ì bá parí síbẹ̀, ǹ bá gbé e mì. Ṣùgbọ́n ó ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà pé kó tètè mú ọmọ rẹ̀ lọ wo ojú. Obìnrin náà ti ọjà tọ̀ mí wá, ìpẹ́ ẹja ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọmọ mi ń fọ́jú ni, tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ojú ọmọ yín dára ju tèmi lọ, Ìyáa wa.”

“Màdáámú ní kò rí ife.”

“Ó rí ife. Ọwọ́ ife ni kò rí.”

“Ẹ ẹ̀ wá rí i! Ṣé ara ife kọ́ ni ọwọ́ ife wà ni?”

“Níbi tó jókòó sí, kò lè rí i.”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Wàláhì, Tíṣà, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin náà ti lọ wo ojú yín?”

Ó ra awò ojú fún ọmọ náà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri rẹ̀. Ọmọ tó rí òjìji ife bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu òpó. Ọ̀gá wa rí i pẹ̀lú awò ojú níbi tí àwọn ọmọ tò sí láàárọ̀, ó ní kí gbogbo iléèwé pàtẹ́wọ́ fún ìyá tó ń tọ́jú ọmọ.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì.

“Màdáámú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá jókòó sí bẹ́ǹṣì ọmọ yẹn. Kò ní pẹ́ rárá.”

“Kí n jókòó síbo?”

“Sórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ lè rí ohun tó rí.”

“Ìwọ fẹ́ kí èmi padà di ọmọ kíláàsì kẹrin nítorí ife ẹ̀kọ rẹ? Jáde, jọ̀ọ́.”

Ó lọ sọ fún àwọn aláṣẹ pé mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ yíyà. Ipò igbákejì ọ̀gá tó kàn mí bọ́ sọ́wọ́ obìnrin kan tí gbogbo ife rẹ̀ máa ń kọ ọwọ́ sí ọ̀tún, wọ́n sì gbé mi lọ sí Agbówà. Kí n tó dé Agbówà, ìròyìn mi ti débẹ̀. Àwọn tíṣà ibẹ̀ á bu omi fún mi tán, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ rí ọwọ́ ife yẹn báyìí, àbí ká yí i sí yín?”

Mo kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ níbẹ̀ láti gé ilá, kí wọ́n tì í bọ inú àró, kí wọ́n fi tẹ ìwé, òdòdó á sì yọ. Mo kọ́ wọn láti fi ewé sábẹ́ ìwé kí wọ́n máa fi pẹ́ńsùlù ra orí rẹ̀ títí iṣan ewé á fi hàn. Inú wọn dùn, inú tèmi ò dùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láti ìgbà náà wá: kí obìnrin yẹn jókòó síbi tí ọmọ yẹn jókòó sí, kó wo ife, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí ọwọ́ níbẹ̀.

Àwa méjèèjì ti fẹ̀yìntì báyìí. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Òun ti dá iléèwé tirẹ̀ sílẹ̀, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Benson. Wọ́n ya kìnnìún tó de táì àti erin tó ń fọ eyín sára ògiri rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹnu géètì pé aṣáájú ọ̀la ni àwọn ń tọ́. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù.

“Ìyá Ìbejì! Ohùn yín ò yí padà rárá. Ẹ wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán nínú lẹ́sìn ìsinmi yìí. Àwọn òbí ń dààmú mi. Wọ́n ní àwọn rí i lórí fóònù pé ó ń jẹ́ kí ọmọ gbọ́n.”

“Ṣé ẹ ò rí ẹlòmíràn ni, Màdáámú?”

“Ta ló mọ̀ ọ́n jù yín lọ?”

Ní Ẹ̀pẹ́, “ìwọ” ni mí. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwòrán, mo di “ẹ̀yin”. Mo ní màá wá. Kì í ṣe nítorí àwọn aṣáájú ọ̀la.

Mo gbé ife sórí tábìlì, mo to àga kéékèèké yí i ká, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé àga kan síbi tí ọwọ́ ife kò ti hàn. Nígbà tí ọ̀gá wa yọjú láti wò wá, mo ní, “Màdáámú, ẹ wá bá wa yà á.” Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “Gíráńmà! Gíráńmà!” Kò lè sá. Ó jókòó, àga ike náà kérora. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó wo ife, ó sì ya ọwọ́ ńlá kan sí apá ọ̀tún.

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na ọrùn wo ìwé rẹ̀.

“Gíráńmà, ọwọ́ ò sí níbẹ̀ o.”

“Ó wà níbẹ̀. Gbogbo ife ló lọ́wọ́.”

“Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí.”

“Ya tìẹ, jọ̀ọ́.”

“Àǹtí, Gíráńmà ń ya ohun tí wọn ò rí!”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa ká ìwé rẹ̀, ó ní ẹnì kan ń pe òun lórí fóònù, ó jáde. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì wa.

Mo mú fóònù náà tọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì nígbà tí mo kọ́ wọn tán. Ó fún mi ní málítì tútù. N kò fọwọ́ kàn án.

“Màdáámú, ẹ rántí ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ní kí wọ́n ra awò ojú fún? Lónìí, ẹ ti jókòó síbi tó jókòó sí. Ṣé ẹ rí ọwọ́ ife?”

Ó bọ́ awò ojú tirẹ̀, ó fi etí ìborùn nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Mo ti ń ronú irú ojú tí n ó fi gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mo ti pinnu pé n kò ní tètè rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣí málítì náà fún mi, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ bí òjò ṣe rọ̀ lánàá:

“Ìyá Ìbejì, ọjọ́ tí mo lé yín jáde ní ọ́fíìsì mi yẹn, nígbà tí gbogbo yín lọ sílé tán, mo lọ gbé ife yín sórí tábìlì, mo sì jókòó sí bẹ́ǹṣì ọmọ náà. Mo wò ó, kò sí ọwọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní mo sọ ọ́ jáde, ta ni àwọn tíṣà ì bá tún máa pè ní ọ̀gá, èmi àbí ẹ̀yin? Ẹ mu málítì yín, kó má lọ gbóná.”