Ta Ni Yóò Gbà Lórí Iyọ̀ Ẹ̀wà?

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jẹun pọ̀ kẹ́yìn, ẹ̀wà tí mo sè le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ó jẹ ẹ́, ó ní, "Ó ti jinná, Bàbá Ràfíù." Inú mi dùn. Ọlọ́gbọ́n ni mí, ẹ ò rí i?

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsẹ́yìn, oko tíṣà wa ni a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwa là ń kọ ebè, òun ló ń kórè. Ẹ̀kọ́ náà yé e dáadáa. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí èmi àti Sàráátù, ọmọ ahunṣọ kan ládùúgbò wa, se ẹ̀wà tí gbogbo kíláàsì yóò jẹ lóko. Bí omi ṣe hó ni mo da iyọ̀ sí i. Sàráátù figbe ta: "Ta ló kọ́ ẹ? Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń fi iyọ̀ sí ẹ̀wà! Kò ní jinná mọ́ nìyẹn!" Mo ní iyọ̀ ni iyọ̀. Ó ní òmùgọ̀ ni òmùgọ̀.

Tíṣà gbọ́ ariwo wa. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tó kọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà ni "give in", pé kí ènìyàn jà títí, kó wá gbà fún ẹnìkejì. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà fún ẹnikẹ́ni rí, ìdí nìyẹn tó fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí a na ọwọ́ sókè. Ẹni tó bá sọ pé "I give in" ni yóò dìde.

Kò pẹ́ tí mo fi sọ ọ́. Tíṣà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, nítorí mo pè é bí òyìnbó. Sàráátù wà lórí ìkúnlẹ̀ títí a fi jẹ ẹ̀wà náà tán, tó ń dún lẹ́nu wa bí àgbàdo yíyan. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn ni kí o fẹ́. Ó kéré tán, ẹnì kan yóò lágbára nínú ilé yín."

Mo fẹ́ ẹ. A gbé ìjà iyọ̀ náà dé ọjọ́ ogbó. Sàráátù a máa lé mi kúrò nídìí ààrò: "Ẹ jókòó sọ́hùn-ún, Bàbá Ràfíù, ẹ máa ka ìwé yín." Èmi náà kò gbà, ọ̀mọ̀wé kì í gbà fún ìkòkò.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ lọ́jọ́ tí a jẹun pọ̀ kẹ́yìn yẹn. Ó ní ó rẹ òun díẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo da iyọ̀ sí ẹ̀wà bí omi ṣe hó. Sàráátù tí oòrùn kò rí mú gbà ló jẹ ẹ̀wà líle, tó ní ó jinná. Mo rò pé mo borí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dákẹ́.

Láyé ìgbà yẹn, tíṣà àti oòrùn ló ń mú ènìyàn gbà. Lóde òní, wọ́n ní kí a má fìyà jẹ ọmọ mọ́, gáàsì ni a fi ń dáná, kò sì sí ẹni tí yóò lé mi kúrò nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn tó wá ṣe fídáù ti lọ tán, mo gbé ẹ̀wà kaná. Mo gbé iyọ̀ sórí fèrèsé, mo jókòó tì í. Omi hó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mo mú ẹyọ kan, mo tẹ̀ ẹ́ láàrin ìka méjì, ó rọ̀. Nígbà náà ni mo tó fi iyọ̀ sí i.